Ẹni Tó Ń Bọ́ Àlejò Yẹ Kó Rí Ìwé Owó

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Jos àti agbègbè rẹ̀,

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ti ń sọ ní kọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó tó àkókò kí a sọ ọ́ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣètò pàṣípààrọ̀ ọmọ ni. A kò ní dárúkọ wọn nínú ìwé yìí, nítorí ìjà kọ́ la wá; ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn yóò mọ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń kó ọmọ ilé ìwé láti ilé wá síhìn-ín nígbà ìsinmi, kí wọ́n gbé ọ̀sẹ̀ 3 nínú ilé wa àti nínú ilé àwọn Hausa àti Berom aládùúgbò wa, kí wọ́n kọ́ èdè àti àṣà. Àwọn ọmọ tibí náà a sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà bákan náà. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe oníṣòwò, pé ẹgbẹ́ tí kì í jèrè ni àwọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi wá gbọ́: ètò náà dára. Àwa tí ojú wa rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú yìí ní ọdún 2001, 2008 àti 2010, àwa la mọ iyì ọmọ Hausa tó sùn sílé Yorùbá tó sì jí láyọ̀. Kì í ṣe ètò tuntun pẹ̀lú. Ní ọdún 1932 ni Donald Watt ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ lọ gbé inú ilé àwọn ará orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ AFS, tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé méjèèjì, bẹ̀rẹ̀ pàṣípààrọ̀ ọmọ ilé ìwé tiwọn ní ọdún 1947. Wọ́n ti rí ogun, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí a jọ jẹun kì í rọrùn láti kọjú ìjà sí.

Ìwé owó ni ẹjọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí oníṣòwò. Ọmọ 1 ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ 21: ìyẹn oúnjẹ ìgbà 63. Bí ilé 10 bá gba ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó di oúnjẹ ìgbà 630. Ta ló rà á? Àwa ni. A kò tíì ka omi ìwẹ̀, ọṣẹ, iná àti owó ọkọ̀. A kò bèèrè owó rẹ̀ o. Yorùbá kì í ta oúnjẹ fún àlejò tó wọ̀ sí i nílé. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ọmọ ti sanwó fún ẹgbẹ́, àwọn olówó sì ti ta wọ́n lọ́rẹ. Bí oúnjẹ bá jẹ́ tiwa, tí ibùsùn jẹ́ tiwa, kí wá ni owó náà ṣe?

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ibà kọ lu ọmọ kan lóru nílé ìyá kan nínú wa. Ìyá yìí gbé e lọ sí ọsibítù, ó fi owó ọjà rẹ̀ san owó oògùn. Nígbà tó bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọ́n ní owó oògùn kò sí nínú ètò. Nígbà tí bàbá ọmọ wá mú un, ó yọ rìsíìtì rẹ̀ jáde. “Owó ìtọ́jú ìlera” wà níbẹ̀ gbọnran-gbọnran, ó sì ti san án.

Ẹ̀ka wa kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èsì kan ṣoṣo ló wá: pé ẹni tí kò dá owó, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè owó. Háà! Ta ló dá jù wá lọ? Ètò tó bá dúró lórí ilé àti ìkòkò ọbẹ̀ wa, àwa ni olówó àkọ́kọ́ nínú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ irú èyí ní láti kọ iye tó wọlé, iye tó jáde àti owó oṣù àwọn ọ̀gá rẹ̀ sínú ìwé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Form 990. Ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ti ọdún 3 tó kẹ́yìn hàn án. Nílẹ̀ wa níbí, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020 sọ pé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ torí rẹ̀ dá sílẹ̀ nìkan ni kí owó rẹ̀ máa bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má pín in bí èrè. Ó ní kí àwọn alámòójútó máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín 30 Júùnù sí 31 Dìsẹ́ńbà. Òfin kò ní kí òṣìṣẹ́ wọn ṣe ọ̀fẹ́. Ó gbà kí a san owó tó tọ́ fún ẹni tó ṣiṣẹ́. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ ká mọ iye rẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé, “Kí ni ẹ̀yin aláìkàwé fẹ́ fi ìwé owó ṣe?” A kàwé díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ń dá àjọ. Ojú wa ni alájọ ti ń fàmì sí káàdì. Alájọ tó bá gbé káàdì pamọ́, ṣé a ó tún fún un lówó lọ́jọ́ kejì?

Àwọn mìíràn ní ìbéèrè wa yóò ba ìṣọ̀kan jẹ́. Rárá o. Ìfurasí ló ń ba ìṣọ̀kan jẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, ìwé owó ẹ̀ka wa náà pẹ́ oṣù 2 kí a tó kà á. Ẹ bínú sí wa, ẹ sì jàre. A kà á sókè ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ sì parí.

Nítorí náà, kí a tó ṣílẹ̀kùn ní ìsinmi tó ń bọ̀, ohun 3 ni a ń fẹ́: kí wọ́n ka ìwé owó tó wọlé àti èyí tó jáde níwájú gbogbo ilé tó gba ọmọ, kí wọ́n dá owó oògùn ìyá yẹn padà, kí wọ́n fi ẹni 2 láàárín àwọn tó ń gba àlejò sínú ìgbìmọ̀ ìṣúná, Yorùbá 1, ará ibí 1.

Bí wọ́n bá ṣe é, ẹní wa wà nílẹ̀, ìkòkò wa wà lórí iná. Bí wọn kò bá ṣe é, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù wọn. Ẹ wá sí ìpàdé oṣù yìí o. Kí ẹ mú rìsíìtì tí ẹ bá ní lọ́wọ́.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, fún gbogbo ìgbìmọ̀ ẹ̀ka.