Ta Ló Lọ Ogun Bọ́mà ní Ilé Yín?

Ẹ pe màmá àgbà lórí fóònù lónìí. Ẹ má dúró di ìgbà ọdún. Ẹ kàn bi wọ́n pé: "Ta ló lọ ogun Hítílà, Ogun Àgbáyé Kejì, nínú ẹbí wa tí kò padà wálé?"

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá lọ tán, ta lẹ fẹ́ bi?

Ẹ wo Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Japan kọlù òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí odò Kaladan ní Bọ́mà (Myanmar òde òní), ọta ìbọn sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó di àwátì. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi òun àti ọmọ Sierra Leone kan pamọ́, tó ń fún wọn lóúnjẹ, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Fádóyèbọ̀ padà wálé, ó kọ̀wé, ó dàgbà kó tó kú ní 2012.

Tirẹ̀ yọrí sí rere. Àwọn tó kù ńkọ́?

Ní Taukkyan, nítòsí Yangon, wọ́n fín orúkọ àwọn ọmọ ogun tó súnmọ́ 27,000 sára òkúta. Kò sẹ́ni tó mọ sàréè wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Àjọ Commonwealth War Graves Commission ti kó orúkọ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ wá ti ẹbí yín.

Ẹ fura o. Bí akọ̀wé ológun bá ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe ń kọ ọ́. Ìlú ẹni ni wọ́n sì máa ń sọ di orúkọ bàbá: Àlàbí ará Ìlọrin lè di Alabi Ilorin. Ẹ tẹ orúkọ náà bó ṣe yẹ, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe yẹ. Ẹ tú ìsàlẹ̀ àpótí wò. Tí ẹ bá rí lẹ́tà tó ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, ẹ má sọ ọ́ nù. Nọ́ńbà sójà nìyẹn.

Àjọ tó kó orúkọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí fúnra rẹ̀ gbà ní 2021 pé, nínú àwọn tó kú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kéré tán, 116,000 ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù. Ẹ má retí pé ẹlòmíì máa bá yín kọ tiyín.

Ti òde òní náà wà níbẹ̀. Báàjì tí ẹ ń so máyà ní January 15, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, dáa, kò tó ni. Ìyàwó sójà kan lè wà ládùúgbò yín tí ọkọ rẹ̀ lọ jagun ní Borno, tí a ò rí i láàyè, tí a ò rí òkú rẹ̀. Ẹ má pè é ní opó tí kò bá pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá a mú ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹ dárúkọ ọkọ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ.

Ó yá, ẹ mú bírò. Orúkọ, ìlú, ọdún tó lọ. Ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ kọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp kílẹ̀ tó ṣú.