Ẹ Má Fi Etí Ṣe Táímíìnì Ọkọ̀ Tọ́bò Mọ́: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Mẹ̀káníìkì Wa

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ̀káníìkì, ẹ̀yin rẹ́wáyà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé lápútọ́ọ̀pù káàkiri láti fi túùnù ọkọ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ yín nínú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì àwọn oníbàárà yín ló ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́.

Orí Datsun àti Peugeot 504 ni ọ̀pọ̀ yín ti kọ́ṣẹ́. Ẹ ó dẹ dísítíríbútọ̀ díẹ̀, ẹ ó máa yí i síwá sẹ́yìn, ẹ ó dẹtí sí ohùn ẹ́ńjìnì. Bó bá ti rọlẹ̀, ẹ ó dè é pa. Ìyẹn tó fún ọkọ̀ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ tọ́bò bá dúró lójú kan, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́, tọ́bò yẹn kò tíì ti afẹ́fẹ́ kankan sínú ẹ́ńjìnì. Ohùn tó rọlẹ̀ nínú ọgbà yín kò lè sọ fún yín bí yóò ṣe rí nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá jáde nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí intercooler, ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, ti gbóná nítorí pé kò rí atẹ́gùn, tó wá rí i pé ojú Third Mainland Bridge ní Èkó ṣófo, tó sì tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ táímíìnì wà.

Epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí iná plọ́ọ̀gì fi gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kí písítìnì tó dé òkè; ìgbà tó ń ṣẹ́ yẹn ni táímíìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, dígírì 18 ló ń yí láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí tọ́bò bá wá ki afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú sìlíńdà, epo á máa yára jó, ooru á pọ̀ sí i, iná plọ́ọ̀gì náà sì gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn. Bó bá yá jù, epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á bú gbàmù fúnra rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìró ṣákáṣáká bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ìyẹn bí ẹ bá rí i gbọ́, nítorí pé ariwo táyà àti ẹ̀rọ amúlétutù sábà máa ń bò ó. Ibi tí rìǹgì jókòó sí lára písítìnì ló kọ́kọ́ máa ń kán. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ní epo burúkú ló fà á.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ epo yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ti ń rọ epo sí Passat 1.8T tó wá láti Amẹ́ríkà, epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ jẹ́ 91 ni wọ́n béèrè fún. Òṣùwọ̀n tí SON, àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, fi lélẹ̀ fún bẹntiróòlù wa náà, 91 ni. Ẹni tó bá wò ó báyìí á ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà, ńlá sì ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ro RON àti MON pọ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n méjì tó ń sọ bí epo ṣe lè fara dà á tó kó tó bú gbàmù fúnra rẹ̀, wọ́n á wá pín in sí méjì. 91 tiwọn súnmọ́ 95 tàbí 96 bó bá jẹ́ RON nìkan la fi wọ̀n ọ́. RON nìkan la fi ń wọn tiwa. 91 tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ ju 87 tiwọn lọ, ìyẹn epo olówó pọ́ọ́kú wọn. Ká má tíì sọ ti epo inú kẹ́ẹ̀gì létí títì, tí ẹlòmíràn ti da kẹrosíìnì mọ́.

Ẹ̀yin onílápútọ́ọ̀pù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níbí. Fáìlì tí ẹ pè ní Stage 1, tí ẹ ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó kọ ọ́ fi epo 98 ilẹ̀ Jámánì dán wò, kí ló ń wá nínú ọkọ̀ tó ń mu 91 ní Ìkẹjà? Mo mọ̀ pé látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní 2023 ni oníbàárà ti ń bẹ̀ yín pé kí ọkọ̀ àwọn dín epo mu, kó sì lágbára sí i. Ẹ ti táímíìnì síwájú, inú rẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti sanwó.

Àṣà kejì burú ju ìyẹn lọ. 1.8T ní sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì méjì lára bulọ́ọ̀kù, tó ń gbọ́ ìró ìbúgbàmù epo yẹn tí etí wa kò gbọ́, kí brainbox (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì) lè fa iná plọ́ọ̀gì sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn. 20 Nm ni ilé iṣẹ́ ní kí a fi dè é. Ẹ̀yin ń fi sípánà dè é títí apá yín ó fi ro yín, kò sì ní gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ẹlòmíràn tiẹ̀ ń yọ wáyà rẹ̀ sílẹ̀. Brainbox á wá fa táímíìnì sẹ́yìn pátápátá láti fi dáàbò bo ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ ò ní lè fà mọ́, ooru èéfín á máa sun tọ́bò, iná check engine á tàn, ẹ ó sì pa iná náà. Iṣẹ́ wo lẹ ṣe?

Kódà lórí Toyota tó ní dísítíríbútọ̀, títí kan 3S-GTE onítọ́bò inú Celica àti MR2, ilé iṣẹ́ ní kí a so ojú TE1 mọ́ ojú E1 nínú àpótí àyẹ̀wò ọkọ̀ kí brainbox má baà máa yí táímíìnì, ká wá fi iná táímíìnì wò ó kó wà ní dígírì 10 ṣáájú òkè. Ṣàṣà mẹ̀káníìkì ló ń ṣe é.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ béèrè irú epo tí oníbàárà ń rà gan-an. Ẹ gbé ọkọ̀ jáde pẹ̀lú síkáànà. Lórí 1.8T, block 020 nínú VCDS, ìyẹn sọ́fítíwià àyẹ̀wò ọkọ̀, á fi dígírì tí brainbox ń fà sẹ́yìn hàn yín ní sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí nọ́ńbà yẹn bá ń ga léraléra nígbà tí tọ́bò ń ṣiṣẹ́, ẹ má ti táímíìnì síwájú. Ẹ wo plọ́ọ̀gì, intercooler àti epo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀ náà, ẹ má sanwó iṣẹ́ táímíìnì tí ẹni tó ṣe é kò bá lè fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn yín, ti kó tó ṣe é àti ti ìgbà tó ṣe é tán.