Ọkọ Ìyàwó tí àrùn ò rí gbé ṣe

Ẹni tó bá ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣègbéyàwó kó fara balẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni mo gbé dé. Ẹ̀gẹ́ tó ń di gààrí, tó ń di láfún, tó ń gba òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí owó oṣù bá tán láàárín oṣù.

Àbúrò ìyá mi kan ń dáko lẹ́yìn Ìlọrà. Lọ́dún kan, wọ́n ra igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi ọkọ̀ kó o wá. Ìgbà tí ewé yọ, ńṣe ló ń ká kò, àwọ̀ ìyeyè dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé bí àdìrẹ tí aró ò mú. Ìyàwó wọn ní ilẹ̀ ló ti ṣá. Ará ilé kejì ní ọwọ́ ayé ni. Ìgbà tí wọ́n wú u, gbogbo ẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú oko ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ̀gẹ́ àtayébáyé tí bàbá arúgbó kan gbìn dúdú minimini.

Kì í ṣe ayé o, fáírọ́ọ̀sì ni. Láti 1894 ni wọ́n ti kọ nípa àrùn náà ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Eṣinṣin funfun tíńtìntín tó ń gbé abẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, àwa náà sì ń bá a gbé e: ẹni tó gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn, àìsàn ló gbìn.

Ẹni tó bá ń ti Fìdítì bọ̀ ní Ìbàdàn yóò kọjá IITA kó tó dé Ọ̀jọ́ọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ Kòríà kan, Dókítà S.K. Hahn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ ní 1971. Ẹ̀gẹ́ Moor Plantation kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gẹ́ igbó lára ló fi ṣe ìpìlẹ̀, àwọn ará Ìkirè sì fi í joyè Séríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ oríṣi kan wà tó jẹ́ pé àgbẹ̀ tiwa ló ní in: Ọkọ Ìyàwó. Àwọn onímọ̀ fún un ní nọ́ńbà, TME 7. Àrùn á mú un díẹ̀, á sì gbọ̀n ọ́n nù.

Kí ló fà á? Ibí lọ̀rọ̀ ti dùn. Sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké tójú ò lè rí, ló para pọ̀ di ewé, òun ló para pọ̀ di èèyàn. Ìwé kan wà nínú rẹ̀, DNA, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó di méjì, ó gbọ́dọ̀ da ìwé yẹn kọ, ó sì ní ẹ̀rọ tó fi ń ṣe é, bíi fọ́tókọ́pì. Fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ kò ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Àlejò tó gbé ìwé ara rẹ̀ wọlé onílé ni, tó ní kí wọ́n bá òun ṣe é ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn tọ́ sẹ́ẹ̀lì irú ẹ̀gẹ́ yìí nínú ìgò títí ó fi di igi, ni àrùn tí kò rí ìyá gbé ṣe bá ń mú ọmọ. Kí ló sọnù? Èsì jáde nínú Nature Communications ní 2022: lẹ́tà kan ṣoṣo, nínú ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 500, níbi àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì yẹn. Wọ́n dín agbára àṣẹ náà kù lára ẹ̀gẹ́ tí àrùn máa ń dá gúnlẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn.

Àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣa Ọkọ Ìyàwó kò gbọ́ DNA rí. Ó kàn rí igi tó yè láàárín àwọn tó kú, ó gé e, ó fún aládùúgbò. Orúkọ tó sọ ẹ̀gẹ́ dé òkè òkun, tirẹ̀ ò dé ibì kankan. Ìyẹn dùn mí.

Mo ròyìn fún àbúrò ìyá mi. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ti lẹ́tà, kí n sọ ohun tí àwọn máa ṣe. Mo ní kí wọ́n rìn yí oko ká nígbà tí ewé ṣì wà lórí, kí wọ́n sàmì sí èyí tí ewé rẹ̀ jọ̀lọ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti gé igi. Èyí tó bá ká kò láti kékeré, kí wọ́n fà á tu. Kí wọ́n má sì gbin oríṣi kan ṣoṣo, torí fáírọ́ọ̀sì náà ń kọ́ ọgbọ́n.

Ìgbà tí mo padà lọ, àkísà pupa wà lára igi bí ogójì. Ìyàwó wọn ní àwọn tó ń kọjá rò pé ààlè ni, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹyọ kan.