Ọ̀rọ̀ Kan fún Ohun Mẹ́rin: Àríyànjiyàn lórí "Iṣan"

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí mu gan-an, nítorí pé orúkọ tí kò bá ìwà ohun tí ó ń jẹ́ ẹ mu yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Èyí hàn gbangba nínú ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti àwọn fọ́nrán tí ń bá a jíṣẹ́ káàkiri ara.

Ní Owódé Ẹ̀gbá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, iṣan ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan náà ni ẹran tí ń le koko lápá àgbẹ̀ nígbà tí ó bá gbé ọkọ́ sókè. Iṣan ni ohun líle tí ó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Iṣan náà sì ni fọ́nrán funfun tí ń gbé iṣẹ́ láàrin ọpọlọ àti ara. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, èyí kò lè ṣe nǹkan púpọ̀, nítorí pé àyíká ọ̀rọ̀ a máa là á yé olùgbọ́. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, ìdàrúdàpọ̀ ni.

Àwọn olùtumọ̀ kan ti gbà pé "iṣan ìmọ̀lára" ni ojútùú. Ìdajì iṣẹ́ ni orúkọ yìí sọ. Èjì-èjì ni àwọn fọ́nrán wọ̀nyí ń jáde: èjì 12 láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ, èjì 31 láti inú ògóóró ẹ̀yìn. Àwọn kan nínú wọn ń mú ìròyìn wá láti ojú, etí àti awọ ara; àwọn mìíràn ń gba àṣẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹran ara kí ó lè ṣiṣẹ́. Àṣẹ kì í ṣe ìmọ̀lára.

Àrùn méjì tó láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń fi àṣẹ ránṣẹ́ láti inú ògóóró ẹ̀yìn. Ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú kòkòrò rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti bá jà ṣì wà láàrin ìlú. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹsẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n lára. Kò kàn lè gbé e ni. Olùkọ́ tí ó bá ní iṣan ìmọ̀lára ni àrùn náà bàjẹ́ ti purọ́ láìmọ̀. Ẹ̀wẹ̀, láàrin àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àrùn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí ó ń sọ ẹsẹ̀ di kíkú tí ó sì ń múni ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Májèlé inú gbágùúdá tí wọn kò ṣètò dáadáa ni ó fura sí. Ìròyìn ni ó dáwọ́ dúró níhìn-ín: ẹni náà kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà bí kò bá wò ó.

Èyí tí ó burú jù ni "mùdùnmúdùn". Ohun tí ó wà nínú egungun, tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ́. Síbẹ̀ ni wọ́n tún ń fi pe okùn tí ó gba inú ògóóró ẹ̀yìn kọjá. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gba Ibafo àti Mowe kọjá. Bí ọkọ̀ bá dànù níbẹ̀, àwọn olùrànlọ́wọ́ lè fi apá àti ẹsẹ̀ wọ́ ẹni tí ó fara pa jáde. Bí ògóóró rẹ̀ bá ti ṣẹ́, fífà bẹ́ẹ̀ lè ba okùn náà jẹ́, kí ẹni tí ì bá rìn má sì rìn mọ́. Egungun tí ó ṣẹ́ a máa jinná. Okùn tí ó já kì í so padà. Ìwé ìkọ́ni tí ó bá dárúkọ egungun àti mùdùnmúdùn nìkan yóò mú kí òǹkàwé rò pé iṣẹ́ àwọn tí ń to egungun ni.

Nítorí náà, kò yẹ kí "iṣan" dá dúró nínú ìwé sáyẹ́ǹsì mọ́. Kí ó jẹ́ iṣan-ẹ̀jẹ̀, iṣan-ẹran, iṣan-gìgísẹ̀ àti iṣan-ajíṣẹ́. Kí iṣan-ajíṣẹ́ pín sí aròyìn àti apàṣẹ. Kí ohun tí ó wà nínú ògóóró máa jẹ́ okùn-ògóóró, kí mùdùnmúdùn sì padà sínú egungun rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní orúkọ wọ̀nyí gùn, pé kí wọ́n yá "nẹ́ẹ̀fù" lò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti yá "sẹ́ẹ̀lì". Yíyá kò burú níbi tí èdè kò ti ní ìpìlẹ̀ tí ó lè kọ́lé lé. Ṣùgbọ́n "nẹ́ẹ̀fù" kò sọ ohunkóhun fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ifọ̀. "Ajíṣẹ́" ti ṣàlàyé ara rẹ̀ kí olùkọ́ tó ṣí ẹnu. Kí àwọn olùkọ́ àti olùtumọ̀ gbé orúkọ wọ̀nyí lọ sí kíláàsì àti ilé ìwòsàn. Èyí tí kò bá rọrùn lẹ́nu, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kí ohun mẹ́rin má ṣáà jẹ́ orúkọ kan mọ́.