Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ AOL ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn kan tó ti wà ní ṣíṣí fún ohun tó ju 30 ọdún lọ. Ilẹ̀kùn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì tí ń gba inú okùn tẹlifóònù ilé. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn náà. Kì í ṣe pé ó parí ló yà wọ́n lẹ́nu, bí kò ṣe pé ẹnìkan ṣì ń lò ó. Àwọn kan tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀rín.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rọ kékeré kan ló máa ń wà láàárín kọ̀ǹpútà àti okùn tẹlifóònù. Ẹ̀rọ yìí a pe nọ́ńbà kan, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń pe ìbátan rẹ̀. A han, a súfèé, a kùn bí oyin, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè fi tẹlifóònù ilé náà sọ̀rọ̀. Àwòrán kan tí tẹlifóònù alágbèéká òde òní ń gbà wọlé kí ojú tó ṣẹ́ lè gba ìṣẹ́jú méje lórí okùn yẹn.

Síbẹ̀, ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ka ènìyàn ní Amẹ́ríkà fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí ilé 163 000 ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn ju ti okùn tẹlifóònù lọ. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń gbé ní ìgbèríko, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ náwó láti ri okùn tuntun mọ́lẹ̀ nítorí ilé mélòó kan. Àwọn mìíràn jẹ́ àgbàlagbà tó ti mọ ọ̀nà kan, tí ọ̀nà náà kò sì já wọn kulẹ̀ rí. Ẹni tó ń tọ ọ̀nà àtijọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀nà tó dé ilé rẹ̀. AOL kò gba àdírẹ́sì ímeèlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni àpótí lẹ́tà tó wà ní òdìkejì odò wúlò fún, bí a bá ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín?

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ òkèèrè létí ẹni tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́. Ọdún 1995 ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn tó sì fi okùn tẹlifóònù lò ó kò pọ̀. Inú tẹlifóònù alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, wọn kò ní ọ̀nà àtijọ́ kankan tí wọ́n lè padà sí bí ti tuntun bá dí.

Ó sì ń dí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ nísàlẹ̀ òkun nítòsí ìlú Àbìjàn. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ni orúkọ wọn. Inú irú àwọn okùn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ láti òkè òkun ń gbà wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Méjì nínú wọn, ACE àti SAT-3, ló gúnlẹ̀ sí Kútọnù. Côte d'Ivoire ló jìyà jù, ṣùgbọ́n ó kan Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Nàìjíríà pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ fura pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló yẹ̀ tó fi fà wọ́n já. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí àtúnṣe tó parí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òkun kò mọ̀ nípa rẹ̀: ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, íntánẹ́ẹ̀tì kú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láìsí okùn kankan tó já.

Bẹ́ẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí ni ìwé ìjọba ń lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí ìwé rẹ̀ gbà láìwọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnù ti jèrè owó àti ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí a wo ìyá ọlọ́jà kan tó kúrò ní abúlé láàárọ̀ kùtùkùtù nítorí ìwé ìbí ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ dá ku ọ̀la. Ó dé mérì, wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí yóò bá padà wá, ọjọ́ ti kọjá, kò sì ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ pé òun ti wá rí. Kì í ṣe òun ló já okùn, òun ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí mérì ṣe kò le. Kí fèrèsé kan wà ní ṣíṣí, kí ẹnìkan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú, kí ó kọ orúkọ ẹni tó wá, kí ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé pélébé kan, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fi lé e lọ́wọ́. Kí ọjọ́ yẹn sì jẹ́ ọjọ́ tí a ó kà sí i lọ́rùn níbi gbogbo.

Ìṣòro mìíràn wà tí kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ní àdírẹ́sì ímeèlì ni kò ṣí i fúnra wọn. Ọmọ tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ló bá wọn ṣí i, ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá kó lọ sí Parakú, ó ti kó lẹ́tà wọn lọ, kódà nígbà tí gbogbo okùn abẹ́ òkun wà ní pípé. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kọ tó sì ti mọ̀ ọ́n kà kò yẹ kí ó wà nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ó jókòó ti ọmọ náà, kí ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí náà, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí yóò tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, kì í ṣe sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.