Ta Ló Yẹ Ìjókòó Bọ́ọ̀sì Wò?

Bí bọ́ọ̀sì bá gbókìtì lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà, kí wọ́n tó gbé àwọn tó fara pa dé ilé ìwòsàn Wesley Guild, a ti dá ẹjọ́ tán: dẹ́rẹ́bà ló sá eré àsápajúdé. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá á fi kún un pé ó ti mu páragà. Bí kò bá sì jẹ́ dẹ́rẹ́bà, ayé ni, tàbí kí á ní Ògún ló ń wá ẹ̀jẹ̀. N kò gbèjà dẹ́rẹ́bà o. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ rí, tó rí bí wọ́n ṣe ń ya tírélà sílẹ̀ lórí kọ́nà tí ojú kò ríran kọjá rẹ̀, kò nílò àlàyé mi. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a ń dá yẹn kò tíì dé ìdajì. Èèyàn méjìdínlógún wà nínú ọkọ̀ kan náà, dẹ́rẹ́bà kan náà ló wà wọ́n, eré kan náà ni wọ́n bá a sá. Kí ló dé tí àwọn kan dìde, tí àwọn kan kò dìde?

Ní ọdún 1965, ìwé méjì jáde tí a kì í sábà dárúkọ pọ̀. Wọlé Ṣóyínká gbé eré oníṣe rẹ̀, The Road, jáde: dẹ́rẹ́bà, ọmọ ọkọ̀, ọmọọ̀ta, Ògún àti ikú ló kún inú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ní Amẹ́ríkà, lọ́yà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Ralph Nader kọ Unsafe at Any Speed, ó sì yí ojú ẹjọ́ kúrò lára dẹ́rẹ́bà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò. Nader ní bí mọ́tò bá ti kọlu nǹkan, ìkọlù kejì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyẹn ti èèyàn pẹ̀lú inú mọ́tò fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ti dúró, ara kò tíì dúró. Irin sítíárìn ń retí àyà, gíláàsì ń retí iwájú orí. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìwé náà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe òfin, ní September 1966, pé mọ́tò gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dáàbò bo ẹni tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lè tà á. Bẹ́líìtì tó ti èjìká gba àyà wá sí ìbàdí ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Nils Bohlin, ẹnjiníà Volvo, ló ṣe é ní 1959, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì gba gbogbo ayé láyè láti lò ó.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà Ṣóyínká ni a tọ̀. Ní 1977, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa olùkọ́, ó ń pa akẹ́kọ̀ọ́. Ní February 1988 ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, FRSC, sílẹ̀, òun náà sì ni alága àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwọ̀n eré, ẹrù àpọ̀jù, títí dé ẹ̀rọ adíneré-kù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé fún ọkọ̀ akérò ní 2016: gbogbo rẹ̀ ló nídìí. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan kì í ṣe ìlọ́po méjì èyí tó ń sá 50. Ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tó gbé dání. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ni gbogbo òfin wọ̀nyí ń ṣọ́. Ta ló ń ṣọ́ ọkọ̀?

Ẹ jẹ́ ká yà sí Old Garage l'Óṣogbo. Bọ́ọ̀sì funfun tó tò síbẹ̀, HiAce tòkunbọ̀ ni. Púpọ̀ nínú wọn kò fìgbà kan jẹ́ ọkọ̀ èrò ní ìlú tí wọ́n ti wá. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n: ẹ̀gbẹ́ wọn dí pa, kò sí fèrèsé, kò sí ìjókòó, páálí ọjà ni wọ́n ń kó. Ibí ni wẹ́dà ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó fi gíláàsì sí i, tó jó páìpù onígun mẹ́rin pọ̀ di bẹ́ǹṣì, tó fi tìmùtìmù bò ó lórí, tó sì jó ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tí a ṣe fún páálí. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe ọkọ̀ èrò máa ń fi irin kún ibi tí ìjókòó yóò ti dúró, bóòtù (bolt) tó nípọn ni wọ́n sì fi ń dè é. Ti wẹ́dà, pánù fẹ́lẹ́ ló jó o mọ́. Bí bọ́ọ̀sì bá kọlu nǹkan, ojú ibi tó jó á tú, bẹ́ǹṣì á gbéra tòun ti èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí rẹ̀, ó di ẹ̀yìn orí àwọn tó wà níwájú. Ẹ má béèrè bẹ́líìtì. Kí ni wọn yóò so ó mọ́? Ìjókòó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká sókè kí èrò ẹ̀yìn tó lè bọ́ sílẹ̀ tún dí ẹnu ọ̀nà, ọjọ́ tí iná bá sì sọ, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ríbi gbà.

Kòròpé tí a ń wọ̀ kiri ìgboro tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìhà kan: kò nímú. Orúnkún dẹ́rẹ́bà ló ṣáájú ọkọ̀ dé ibi ìkọlù.

Àwọn àgbà á ní ọkọ̀ àtijọ́ ló dára, pé Peugeot 504 kò dà bí bébà tí wọ́n ń ṣe báyìí. Mo mọ adùn 504, n kò ní bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹyin sínú agolo, kí ẹ jù ú mọ́ ògiri. Agolo lè má tẹ̀. Láti ọdún 1950 sí 1959 ni Béla Barényi, ẹnjiníà Mercedes-Benz, ti fi hàn pé iwájú ọkọ̀ ló yẹ kó rún, kí ibi tí èèyàn jókòó sí má baà rún. Mọ́tò tó wó níwájú lẹ́yìn ìjàǹbá, tí ẹni inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ tí kò lágbára. Iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́.

Àwọn ayẹ-ọkọ̀-wò ìjọba, VIO, ló ń fún ọkọ̀ ní ìwé pé ó yẹ lójú pópó. Iná, bíréèkì, táyà, ẹ̀rọ apaná: ó dára kí wọ́n wò ó. Kí wọ́n wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú; 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kó dán tó. Ṣùgbọ́n kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó fún bọ́ọ̀sì kankan ní nọ́ńbà akérò, kí ẹnìkan tẹ̀ba, kó wo abẹ́ ìjókòó. Bí ó bá jẹ́ jíjó ni wọ́n jó o mọ́ pánù, kí ọkọ̀ náà padà sídìí ẹrù tó ń kó tẹ́lẹ̀. Kí wẹ́dà tó ń sọ ọkọ̀ ẹrù di ọkọ̀ èrò ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, kí á lè mọ ilé rẹ̀ bí bẹ́ǹṣì bá tú. Owó ọkọ̀ á lé sí i, mo mọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé méjìdínlógún á gbé mẹ́rìnlá, olówó ọkọ̀ kò sì ní dín iye tó ń retí lálẹ́ kù. A óò san án.

Àdúrà ńkọ́? Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń kúrò ní gáréèjì l'Óṣogbo láìgbàdúrà, pàápàá bí ó bá dorí kọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ náà ni Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní October 1928, nígbà tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì. Ìtàn ìjọ CAC sọ pé ẹ̀rọ náà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìtòsí Ìkéjì-Arákejì, àti pé ibi tó ti ń tún un ṣe ni ohùn náà ti bá a. Ìdí ẹ̀rọ ni wòlíì wà.

Bí ẹ bá ń lọ sí Iléṣà lọ́la, kí ẹ tó jókòó, ẹ di irin ìjókòó iwájú yín mú, kí ẹ mì ín. Bí ó bá ń mì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ yín, nítorí agbèrò kò ní dá a padà.