Ẹ Jẹ́ Kí Gángan Parí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Nígbà tí à ń múra ọjọ́ àṣà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ṣe bíìtì kan tí gbogbo wa fẹ́ràn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rí gángan inú rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, tó ń yí po títí orin fi parí. Bàbá onílù kan tí a pè lọ́jọ́ náà dẹtí sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló gé ọ̀rọ̀ mọ́ ìlù yìí lẹ́nu? Ẹnì kan ló ń kì bọ̀. Kó tó dárúkọ onítọ̀hún lẹ ti dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.”

Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá béèrè ẹni tó lù ú àti ìlú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fèsì. Orúkọ tó wà lára fáìlì náà ni “Talking Drum 07”.

Mi ò bá sampling jà. Ẹ̀rọ ló ń wọn ìgbì ohùn, tó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà. Fún CD, ìgbà 44,100 ló ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 1979, Peter Vogel àti Kim Ryrie gbé Fairlight CMI jáde ní Sydney, ní Ọsirélíà, ṣùgbọ́n olówó nìkan ló lè rà á. Ní 1987, E-mu SP-1200 dé, àwọn tó ń ṣe orin rap ní New York sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Àpapọ̀ ohùn tó lè gbà kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ, ẹyọ ohùn kan kò sì lè kọjá 2.5. Àìsí àyè ló mú wọn gé e kéékèèké. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ mi lè gba eré onílù kan láti alẹ́ dàárọ̀. Kí ló wá dé tí àwa náà ń gé e ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì?

Bí a bá gé gìtá, orin la gé. Bí a bá gé gángan, gbólóhùn la gé. Gángan kì í mú kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń mú. Owó, ilé, ojú, igbá, ọkọ́: re-mí ni gbogbo wọn lábẹ́ kọ̀ǹgọ́. Ìdí nìyí tí onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́. Inú oríkì tàbí òwe ló máa ń fi í sí, kí ẹni tó mọ gbólóhùn náà lè dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Ẹ yọ ìyókù kúrò, ẹ ti yọ ìtumọ̀ kúrò.

Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ló ń ba ọ̀rọ̀ ìlù jẹ́. Bí ẹ bá gbé gbogbo rẹ̀ sókè lápapọ̀, kò séwu. Ohùn ọmọdé ga ju ti bàbá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ à ń gbọ́ “igbá” lẹ́nu àwọn méjèèjì, nítorí bí ohùn kan ṣe ga sí èkejì ni etí wa ń wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá já a sí wẹ́wẹ́, tí ẹ to ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bọ́tìnnì, tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín, ẹ lè máa bú èèyàn láìmọ̀.

Mo mọ èsì yín: owó onílù wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀, àwọn tó ń jó kò sì gbọ́ ìlù mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú irú orin wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ti ń kọ́kọ́ gbọ́ gángan báyìí. Bó bá jẹ́ ariwo la fún wọn gbọ́, ariwo ni wọn yóò máa pè é.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn parí kí ẹ tó gé e. Ẹ kọ orúkọ onílù, ìlú rẹ̀ àti ohun tí ìlù wí sára fáìlì. Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ní ti àwa tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ọdún mélòó la ti fi ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, tí à ń fi Praat wo ohùn? Iṣẹ́ wa ni kíkọ ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀. Kí la fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe bí kò bá kọjá ìdánwò?

Ọ̀rẹ́ mi padà lọ bá Bàbá. Fóònù ló fi gba ìlù náà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, adìyẹ sì ń ké nínú rẹ̀. Gbólóhùn náà gba ìṣẹ́jú-àáyá 11, SP-1200 kò ní lè gbà á tán. Ó ní láti tún bíìtì rẹ̀ tò kí àyè lè gba Bàbá. Ní báyìí, tí orin náà bá dé ibẹ̀, a máa ń gbọ́ orúkọ ẹni tí ìlù ń kì.